Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu onílẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo fara mọ́ ìròyìn yín nípa pọ́díkáàsìtì, ètò tí à ń gbọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹnu àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ kí àlejò tó dé, gan-an ló yẹ ká ti gbọ́ ìtàn wọn. Connie Walker, akọ̀ròyìn tó jẹ́ ọmọ Cree, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ní Kánádà, ló là mí lójú. Nínú ètò rẹ̀ tó gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ìròyìn ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2023, ó wádìí ohun tí ojú bàbá rẹ̀ rí nílé ẹ̀kọ́ St. Michael's, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n máa ń kó ọmọ onílẹ̀ lọ nígbà kan rí, tí wọ́n ń já wọn gbà lọ́wọ́ òbí. Ìwé kò lè jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn àgbàlagbà tó ń gbọ̀n, tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń rán aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo ń gbọ́ ètò náà ni. Ńṣe ni mo dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa júwe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Télọ̀ kan, Ìkirè