Ẹ yéé gbé kámẹ́rà wá bá aláìsàn ní Kútọnu

Olóòtú,

Inú ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀gá kan láti ilé wa wá kí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣàìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba kan níbí ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n kó mílíìkì inú agolo àti bisikíìtì wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọmọkùnrin tí wọ́n to mílíìkì sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Ìbọ̀wọ́ àti rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi síni lára ni wọ́n ti ń wá fún un láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò rà á.

Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn débí mọ bó ṣe ń rí. Dókítà á kọ ìwé oògùn, ẹbí á sáré lọ sílé oògùn, á san séfà, owó ilẹ̀ ibí, lójú ẹsẹ̀, á kó abẹ́rẹ́, ìbọ̀wọ́ àti òwú dé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹbí ló ń wẹ̀ ẹ́, ẹbí ló ń bọ́ ọ, ẹbí náà ló ń sùn sórí ẹní níta. N kò bá àwọn nọ́ọ̀sì jà o; ohun tí wọn ò ní ni wọn ò lè fúnni. Ṣùgbọ́n ta ni ẹbí ọmọ tó wá wa mọ́tò tòkúnbọ̀ gba Ṣẹ̀mẹ̀, tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe, tí kò gbọ́ Faransé, tí fóònù rẹ̀ sì ti sọnù? Ìbàdàn ni ìyá rẹ̀ wà, kò tilẹ̀ mọ̀.

Àwọn ọ̀gá wa mọ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Lọ́dún 2001, ní Àbújá wa níbẹ̀, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná làwọn yóò máa ná sórí ìlera. Níbo ni ìlérí ọ̀hún wọlẹ̀ sí, ní Nàìjíríà àti ní Bẹ̀nẹ̀? Fọ́tò ni wọ́n mọ̀ ọ́n yà. Fọ́tò ò wo ẹnikẹ́ni sàn!

Ohun tí mo fẹ́ rèé: kí wọ́n gba ènìyàn kan tí yóò máa wà nílé ìwòsàn lójoojúmọ́. Kí wọ́n má wá a jìnnà. Àwọn ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ àti Pọ́bẹ̀, àwọn ìlú Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, wà ní Kútọnu, wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọ́n gbọ́ Faransé, ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́ Fọ̀n. Kí wọ́n fún un ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, rọ́bà omi àti báńdéèjì wà níbẹ̀, kí owó díẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oògùn òru, torí òru lọ̀rọ̀ máa ń le jù. Gbogbo ohun tó bá mú jáde, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá níbí máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, nítorí a mọ ara wa. Òun ni yóò pe ilé. Òun ni yóò ṣàlàyé fún aláìsàn ohun tí dókítà fẹ́ gé kí wọ́n tó gé e.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ilé yín sí bébà, ẹ fi sápò. Ẹ̀yin ìjọ, ẹ dín èrò tó ń rọ́ wọ wọ́ọ̀dù kù.

Bí ọ̀gá kankan bá ń ka èyí, ilé oògùn wà níwájú géètì ilé ìwòsàn náà. Kó yà níbẹ̀ nígbà tó bá tún ń bọ̀, kó béèrè iye tí wọ́n ń ta ìbọ̀wọ́.

Oníṣòwò kan,
Kútọnu.