Owó lọ́wọ́ là ń ra èké

Sí Olóòtú,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, èmi àti àbúrò mi obìnrin wọ màrúwá láti Òkè Balógun lọ wo eré orí ìtàgé kan níbí ní Ẹ̀pẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló wà lára ìwé ìpolówó. Aago mẹ́fà kọjá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn èèyàn ńlá kan là ń dúró dè. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo ra ìwé ìròyìn kan, kì í ṣe tiyín, kí n lè mọ ohun tí wọ́n rí sí eré náà. Mo ka orúkọ alága, mo ka ti ìyá ọjọ́, mo ka ti àwọn olóyè, ẹni tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó gbàdúrà ìparí. Mo tilẹ̀ ka irú aṣọ tí ìyàwó ọ̀gá kan wọ̀. Eré ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Wọn ò sọ ohun tó dá lé lórí, wọn ò dárúkọ òṣèré kan ṣoṣo.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ ní sísọ pọ̀. Obìnrin tó ṣe ìyá ọmọ tó bá ọ̀sà lọ sunkún débi pé àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó jókòó lẹ́yìn wa ń fi ìborùn nu ojú. Ẹni tó ṣe ọba ń sọ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nílùú yìí, ìbáà jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìbáà jẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Àwọn onílù sì bo àwọn òṣèré mọ́lẹ̀, a ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láàrin wa níbí ni, tó ń kọ lámèyítọ́, ìyẹn ohun tó dára àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó, nípa eré, fíìmù àti orin fújì lórí fóònù rẹ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Òun ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, òun ló ń san owó ọkọ̀, òun ló ń ra dátà. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pè é wá wo eré. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bẹ àwa tí à ń kà á pé kí ẹni tó bá rọrùn fún máa dá ₦500 lóṣù, kí iṣẹ́ náà má baà kú. Ẹ wá wo èébú! Wọ́n ní alágbe ni. Wọ́n ní kó lọ lọ́kọ. Ẹnì kan ní torí pé kò rí eré ṣe ló ṣe ń bú àwọn tó ń ṣe é.

Alágbe! Nínú ìlú tí a ti ń ra aṣọ ọdún Kayokayo lọ́dọọdún láì wo iye owó rẹ̀. Ìlú tí olórin kò ní í tíì pe oríkì baba wa tán tí a ó ti máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tó yìn wá, a sanwó fún un. Ẹni tó sọ fún wa pé ìlù ti bo ọ̀rọ̀, a ní ó ń ṣagbe.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé kí òǹkàwé máa sanwó ohun tó ń kà kì í ṣe nǹkan àjèjì. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ra ẹ̀dà kan. Lónìí, The Guardian ti Lọ́ńdọ̀nù ń bẹ àwọn òǹkàwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n dáwó, kí ìròyìn àti lámèyítọ́ fíìmù àti tíátà inú rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lówó. Ṣé alágbe làwọn náà?

Owó ńlá láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹgbẹ́ Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1961 ṣe iṣẹ́ tí a ò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n lára owó tí wọ́n ná wá láti ọ̀dọ̀ Congress for Cultural Freedom, ẹgbẹ́ kan lókè òkun, ó sì tú síta lọ́dún 1967 pé CIA, àwọn amí Amẹ́ríkà, ló wà nídìí Congress yẹn.

Àwọn aláṣẹ wa ńkọ́? Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tíátà sí Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì, Ìgándò àti Orẹ́gùn, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó wà nípò mọ̀ nípa eré kò ju kí wọ́n pẹ́ dé, kí wọ́n jókòó níwájú, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì dìde lọ kí eré tó parí. Lọ́jọ́ kejì, orúkọ wọn ni ìwé ìròyìn máa gbé. Eré ńkọ́?

Ohun tí mo rò rè é. Ẹ jẹ́ ká ṣe owó iṣẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin náà bí àjọ. Gbogbo wa la mọ bí alájọ ṣe ń ṣe lọ́jà Olúwo: ó fún ọ ní káàdì, ó ń fàmì sí i lójoojúmọ́, tí oṣù bá parí, ó yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀, ó kó ìyókù lé ọ lọ́wọ́. Kí àwa òǹkàwé yan alájọ kan tí ọjà fọkàn tán. Kí oníkálukú dá ₦500 lóṣù. Ẹni tí kò bá lè dá a lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa dá a díẹ̀díẹ̀. Èèyàn 200 péré, ₦100,000 nìyẹn. Á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á gbé e dé Èkó á sì gbé e padà, á ra dátà, nǹkan á sì ṣẹ́ kù tí ẹni tó ń kọ ọ́ á fi jẹun. Kí ẹnikẹ́ni má dá ju ₦5,000 lọ, bó ti wù kó lówó tó, kó má baà di ọ̀gá lé e lórí. Ká má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé eré jáde, ẹni tó ń ta fíìmù, tàbí ẹni tó ń du ipò. Ẹni tó dáwó kò gbọdọ̀ ní kí wọ́n bá òun yin ọmọ òun. Ẹni tí kò sì ní ₦500, kó máa kà á bíi ti gbogbo wa.

Bó bá kọ ohun tó dùn wá, kí àjọ má dúró. Ó kọ ọ́ rí nípa àwo olórin fújì kan tí mo fẹ́ràn pé orin àtijọ́ ló tún kọ, tó kàn pa á láró. Ọjọ́ méjì ni mo fi bínú. Nígbà tí mo tún àwo náà gbọ́, òótọ́ ló sọ.

Kí àwọn iléèwé máa mú àwọn ọmọ lọ wo eré, kí wọ́n sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Kí àwọn ìwé ìròyìn náà wá ààyè fún lámèyítọ́.

Olóòtú, igun kékeré kan lóṣooṣù ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, kí ẹ máa fi tẹ ìṣirò owó náà: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù. Ìyá alájọ tí mo bá sọ̀rọ̀ ti gbà. Èmi àti àbúrò mi ti dá ti oṣù yìí. Ó ku èèyàn 198.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè Balógun, Ẹ̀pẹ́.