Ìpè fún Owó Ìdásí: Kí Àlejò Lè Rí Ohun Tí Iléṣà Ní

Ẹ̀yin ọmọ Ọbòkun nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín tìfẹ́tìfẹ́, a sì bẹ Elédùmarè kí ó máa ṣọ́ wa níbi gbogbo tí a bá wà. Ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa ló ní kí ìgbìmọ̀ yìí kọ̀wé sí yín lórí àwọn ojú ibi ìtàn tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn baba wa tó bá wọn ṣiṣẹ́ fi sílẹ̀ nílùú, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé dá fi sílẹ̀ fún ìjọba.

Ẹni tó bá ti Òṣogbo tàbí Ifẹ̀ wá, tó fẹ́ lọ wo omi Olúmirìn tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀dọ̀ wa níbí ló sábà máa ń gbà kọjá. Ó lè ra epo sọ́kọ̀, ó lè jẹ iyán, lẹ́yìn náà yóò bá tirẹ̀ lọ. Igbó Òṣun ti wà nínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005, Ifẹ̀ sì ní Ọ̀pá Ọ̀rányàn tí gbogbo ọmọ iléèwé mọ̀. Àwa tí a wà nítòsí àwọn méjèèjì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gba àlejò, bẹ́ẹ̀ ohun tí a ní kò kéré rárá. Ẹni tí yóò júwe rẹ̀ ni kò sí.

Ọ̀nà tí a ń rò láti mú àlejò rìn kò gùn. Ààfin Ọwá ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ nílùú yìí láìjẹ́ pé ọba àti àwọn ìjòyè gbà wọ́n láàyè. Àwọn Mùsùlùmí àti àwọn oníṣẹ̀ṣe inú ẹgbẹ́ wa ti béèrè pé kí ló kan àwọn nínú ètò yìí, ìdáhùn tí a sì fún wọn nìyẹn: ìtàn ìlú ni a fẹ́ sọ, ìyẹn ni kò fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Ọdún 1870 ni ogun Ìbàdàn kó Iléṣà. Nígbà tí Ògèdèǹgbé, jagunjagun ọmọ Ìjẹ̀ṣà, sì ṣe olórí ogun àwọn Èkìtì Parapọ̀ nínú ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà, àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, wà lára àwọn tó ń ti ibùdó kan bọ́ sí ìkejì láti gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìyẹn ni Frederick Kúmókùn Haastrup gorí ìtẹ́, ìyẹn Ajímọ́kọ̀ Kìíní, ẹni tó ti gbé Èkó, tó sì ti di Kristẹni kó tó jọba. Ajímọ́kọ̀ Kẹta ló wà lórí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀ lónìí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Láti ààfin, a ó mú àlejò dé Ìlórò, níbi tí kàtídírà St. John ti àwọn Áńgílíkà wà, àti Òtápètè ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì. A kò ní fi èyí fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí pé àwọn ìjọ méjèèjì mọ ìtàn ara wọn, wọ́n sì lè sọ ọ́ ju bí a ti lè sọ ọ́ lọ.

Ilé ìwòsàn Wesley Guild ni a fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí díẹ̀. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, pẹ̀lú owó tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń dá jọ. Lọ́dún 1975 ló di ara ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀. Níbẹ̀ ni dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láti 1956 sí 1961, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmèsí-Ilé. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde kò ju páálí kan lọ. Wọ́n fa ìlà méjì tó tẹ̀ gòkè sí i lára. Bí ìyá bá gbé ọmọ wá, wọn a wọn ọmọ náà, wọn a fi àmì kékeré síbi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé lóṣù yẹn, wọn a sì fa ìlà so ó mọ́ ti oṣù tó kọjá. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè láàárín ìlà méjèèjì, ara rẹ̀ ń yá. Bó bá rìn gbọọrọ láìgòkè, wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ kí ọmọ náà tó rù. Ìyá ló ń gbé páálí náà lọ sílé, nínú ọ̀rá kí omi má baà bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ló gba irú páálí yìí lò lẹ́yìn náà, tó fi jẹ́ pé ìyá tó ń gbé ọmọ lọ wọ̀n ní ìlú òkèèrè lè máà gbọ́ orúkọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa yóò parí sí lójú ọ̀nà náà ni Òkè-Oòye, níbi tí ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1930 lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ kó tó gbọ́ ìpè. Láti ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì ti jáde. Ẹ wo ìlú kan náà: abẹ́rẹ́ òyìnbó wà níhìn-ín, omi àdúrà wà lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn sì ń lọ síbi méjèèjì. Ìgbìmọ̀ yìí kò ní dá ẹjọ́ náà, pátákó tí a bá sì kọ yóò sọ ti méjèèjì bó ṣe rí.

Ní ti ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe, pátákó tó ní ìtàn kúkúrú ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni títún ojú àwọn sàréè àtijọ́ ṣe, níbi tí ìjọ tó ni wọ́n bá gbà. A fẹ́ kí wọ́n fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ìkọ̀wé ara òkúta náà, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ tàbí kó lẹ táìsì dídán mọ́ ọn, ohun tí a ti rí tí wọ́n ń ṣe láwọn ibòmíràn lórúkọ àtúnṣe. A ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́, tó fi mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iléṣà tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, bí a ṣe ń mú àlejò rìn: wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni wọ inú wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, ẹnu géètì ni wọn yóò dúró sí, wọn kò sì gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìsìn. Èyí tó ń kán wa lójú jù ni gbígba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn tí òbí wọn wà ní Òkè-Oòye, torí pé wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́. A kò ní kọ́ géètì ńlá, a kò ní gbẹ́ ère, a kò sì ní dá aṣọ ẹbí, bí àwọn kan tilẹ̀ ti ń béèrè irú ańkárá tí a ó fi ṣí i.

Ìpàdé fohùn ṣọ̀kan pé kí ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dá ₦20,000, kí olùfẹ̀yìntì dá ₦5,000, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ dípò owó. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò dí i lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ìdásí ọmọ ìlú kò lè ṣe nǹkan gidi, kí ó rántí pé Ẹgbẹ́ Àtúnlúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1934. Wọn kò dúró de míṣọ́n, wọn kò sì dúró de ìjọba amúnisìn.

Akápò ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ san owó fún, kí ẹ sì gba rìsíìtì lójú ẹsẹ̀. A mọ̀ pé ọmọ òṣómàáló ni wá, ṣùgbọ́n a kò ní wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni nítorí owó yìí. Orúkọ àti iye tí oníkálukú dá ni a ó kà ní ìpàdé tó ṣáájú ọdún Ìwúde, a ó sì gbé ìwé ìnáwó kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ní fọ́tò àtijọ́, lẹ́tà tàbí páálí ìwọ̀n ọmọ tó ti pẹ́ nínú àpótí ìyá rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá pẹ̀lú. A ó ya àwòrán rẹ̀, a ó sì dá a padà fún un níbẹ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Ìgbìmọ̀ Ojú Ibi Ìtàn, fún ẹgbẹ́.