Ìwòsàn Ọ̀fẹ́ Tí Kò Yẹ Ìtọ̀ Wò

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé ìwòsàn ọ̀fẹ́ wá sí àdúgbò wa n'Íbàdàn, kánópì rẹpẹtẹ, orin, t-shirt tí wọ́n tẹ fọ́tò olóṣèlú sí, àwọn ìyá àgbà ti tò síbẹ̀ láti àárọ̀ kùtù. Wọ́n wọn BP wa, wọ́n gún wa níka yẹ ṣúgà wò, wọ́n fún wa ní pánádóò àti oògùn aràn, ó parí. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ìtọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ kíndìnrín wò ńkọ́, ó ní "Daddy, ìyẹn ò sí nínú ètò o." Ìyá kan tó jókòó tì mí, BP ẹ̀ lé ní 180, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú débi pé okùn sálúbàtà ti wọnú ẹran lọ, wọ́n kàn ní kó lọ dín iyọ̀ kù ni. Kò sẹ́ni tó ní kó tọ̀ sí ike!

Àìsàn kíndìnrín kì í pariwo. Creatinine inú ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń sọ yìí, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò, kíndìnrín lè ti bàjẹ́ tó ìdajì kó tó lọ sókè dáadáa, bẹ́ẹ̀ albumin, ìyẹn púrótéènì tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀, lè ti máa jò sínú ìtọ̀ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ìtọ̀ ẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, ó ní àgbo tóun mu ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí èébì ò dá mọ́ la gbé e dé ọsibítù, dialysis, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ló bọ́ sí, ilẹ̀ tó rà lójú ọ̀nà Mọ́níyà la fi ṣe é. Lọ́dún 2025 ìjọba àpapọ̀ já owó dialysis kan láti 50,000 náírà sí 12,000 láwọn ọsibítù wọn kan, a dúpẹ́, àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí kíndìnrín bá kú tán ni wọ́n máa ń rántí wa? Kò sẹ́ni tó ní ká tọ̀ sí ike!

Àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀rù. Látọdún 2010 ni wọ́n ti rí i pé oríṣi jíìnì APOL1 kan wọ́pọ̀ gan-an lára wa, ó ń gbani lọ́wọ́ àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni, àmọ́ ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu àìsàn kíndìnrín ẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣé àwọn tó wà nípò ò gbọ́ ni?

Àwọn lábù náà lẹ́jọ́. Wọ́n á kọ creatinine 1.1, wọ́n á ní kò sí wàhálà, wọ́n á gbowó. 1.1 ọmọkùnrin ọdún 25 àti 1.1 ìyá ẹni ọdún 65 kì í ṣe ọ̀kan náà o, tí wọ́n bá fi ìlànà ìṣirò ọdún 2021 tó ń wo ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo ṣe é, eGFR ọmọkùnrin yẹn, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí, á tó 95, ti ìyá yẹn á wà ní nǹkan bí 56, bẹ́ẹ̀ 60 ni wọ́n ní kó má lọ sísàlẹ̀ ẹ̀. Ṣé kọ̀ǹpútà wọn ò lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo kún un ni?

Ohun tí mo fẹ́ ò le. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń wọn BP, kí ike ìtọ̀ àti ìwé pélébé tí wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì á tì í bọ̀ ọ́, á yọ ọ́, á dúró bí ìṣẹ́jú kan, ojú tó jẹ́ yẹ́lò á di gírínì tí púrótéènì bá wà níbẹ̀, á fi wé àwọ̀ tó wà lára agolo ẹ̀, ó tán. Àwọn aláboyún ń ṣe é, kí ló ṣe bàbá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ibà náà lè mú un yí àwọ̀, torí ẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe nígbà míì, tó bá ṣì wà níbẹ̀ kí wọ́n ṣe ACR, ìyẹn àyẹ̀wò lábù tó ń fi albumin inú ìtọ̀ wé creatinine inú ẹ̀, kí wọ́n sì ṣe creatinine inú ẹ̀jẹ̀, tí ACR bá wà ní 30 mg/g sókè fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tètè fi í ránṣẹ́ sí dókítà kíndìnrín. Ẹni tó ní ṣúgà, kí wọ́n máa ṣe ACR fún un lọ́dọọdún bí ìwé pélébé ò tiẹ̀ yí àwọ̀, torí ìwé yẹn lè má rí èyí tó kéré.

Kí wọ́n lé àwọn tó ń ta diclofenac, oògùn ìrora tó lè ba kíndìnrín jẹ́, nínú mọ́tò. Kí rédíò náà máa sọ ọ́ láràárọ̀ pé ẹni tí ìtọ̀ ẹ̀ bá ń hó tí kò tètè rọlẹ̀, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.