Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́: Ọmọ Tó Wà Lórí Fóònù àti Ọmọ Tó Ń Kẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin alágbàtọ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn lórí ọmọ. Sáà kejì ti parí. Àwọn ọmọ yóò mú ìwé àbájáde wọn wálé lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí a óò wọlé padà sì wà lára rẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò yí padà. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ orí fóònù tí à ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, èyí tí a óò máa bá lọ nígbà ìsinmi Àjíǹde.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún 2020. Ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún náà, nígbà tí ìjọba ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn Kòrónà. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, a ti dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Láràárọ̀ ni mo ń ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Bí mo bá ti rí i pé ọmọ 37 nínú 40 ti wọlé, ọkàn mi a balẹ̀, mo gbà pé ẹ̀kọ́ ń lọ. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn SS3 padà wá ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, kí wọ́n lè múra fún ìdánwò WAEC tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, mo gba ìwé nóòtì wọn, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ 11 ló ṣe àṣìṣe kan náà, lójú ìlà kan náà, nínú iṣẹ́ Kẹ́mísìrì. Ẹnì kan ló ṣe é, àwọn yòókù dà á kọ. Wọ́n wà lórí fóònù lóòótọ́, àmọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, kò sí ẹni tó pe ọ̀kan nínú wọn lórúkọ kó bi í pé, "Ìwọ, kí ló yé ọ níbẹ̀?" Èmi ni mo lẹ̀bi ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ níṣojú mi.

Nínú sáà tó parí yìí, a kọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà àtijọ́ náà. Àwọn olùkọ́ ń fi fídíò ogójì ìṣẹ́jú ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ iye tí dátà dà báyìí, láti ìgbà tí wọ́n ti fi owó kún un ní 2025. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ṣí fídíò náà rárá, àwọn tó ṣí i kò sì wò ó dé ìdajì. Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì wa ló kọ́kọ́ yí ọwọ́ padà. Ó pa fídíò tì, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí voice note, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó ní kí àwọn SS1 lọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn, kí wọ́n wá ewé kan tó wà lábẹ́ òjìji àti irú rẹ̀ kan tó wà lójú oòrùn, kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n rí.

Mo gbọ́ èsì àkọ́kọ́ tó wọlé. Ọmọkùnrin kan ni, tí kò nawọ́ sókè rí ní kíláàsì láti ìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń gún nǹkan lódó. Ó ní, "Mà, ewé kókò tó wà lẹ́yìn ògiri wa fẹ̀, ó dúdú. Èyí tó wà lójú oòrùn kéré sí i, ó sì nípọn. Àbí torí kó lè rí oòrùn gbà ni ti abẹ́ òjìji ṣe fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?" Ọmọ yẹn ti dé ìdí ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n tó kọ́ ọ. Olùkọ́ rẹ̀ pè é lórúkọ lórí gúrúùpù, ó yìn ín, ó sì tún bi í ní ìbéèrè mìíràn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ohùn ọmọ 26 ti wà níbẹ̀, nínú kíláàsì tó jẹ́ pé ọmọ mẹ́rin péré ló ń dáhùn tẹ́lẹ̀.

Yorùbá ni ọmọ náà fi sọ ọ́. Àwọn òbí kan ti pè mí lórí èyí, wọ́n ní ṣé a kò ní ba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ jẹ́. Mo gbọ́ yín, ẹ̀rù yín kò sì jẹ́ ẹ̀rù lásán, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá, àní wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Èyí tí à ń ṣe kò tó tiwọn. Ọmọ yóò fi Yorùbá sọ ohun tó yé e, lẹ́yìn náà yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé. A kì í gba ọ̀kan láìsí èkejì.

Ohùn yìí tún ń gbà wá lọ́wọ́ nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọ ti mọ ChatGPT, ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dáhùn ìbéèrè, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń da ìdáhùn rẹ̀ kọ. Ọmọ tó bá da iṣẹ́ kọ, ẹnu rẹ̀ ló máa tú u fó nígbà tí olùkọ́ bá ní kó ṣàlàyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi tó kàn yìí. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni a fi ń kọ "kò wá" síwájú orúkọ ọmọbìnrin kan ní SS2. Olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ ti fẹ́ kọ̀wé pe òbí rẹ̀ wá kí ó tó ronú pé kó kọ́kọ́ pè wọ́n ná. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé náà, ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Bódìjà ló ni ín. Fóònù náà ń bá ìyá jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń wọlé, bátìrì rẹ̀ á sì ti kú. Bí kò bá sí iná, ó di ọjọ́ kejì nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí a ń pe ọmọ yìí ní ọ̀lẹ, ó jókòó tira ṣájà, ó ń retí ìyá rẹ̀. A ti pa gbogbo "kò wá" yẹn rẹ́. Mo ti bẹ ìyá náà, mo sì ti bẹ ọmọ náà.

Nítorí náà, láti ìsinmi yìí lọ, a kò ní dá aago fún ẹnikẹ́ni mọ́. Iṣẹ́ yóò wà lórí gúrúùpù ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọmọ sì ní títí di ọ̀sán ọjọ́ kẹta láti dáhùn. Ilé tí kò bá ní fóònù rárá, tàbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ lò ó, a óò tẹ iṣẹ́ náà sórí ìwé, yóò sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ yóò kọ ìdáhùn tirẹ̀ sínú ìwé, olùkọ́ yóò sì pè é lórí fóònù òbí tàbí ti aládùúgbò kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Gbogbo wa la rántí pé nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀kọ́, fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní 2013, inú ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sí, kí ọmọ lè ṣí i láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa náà yóò máa da iṣẹ́ sórí fóònù ọmọ tó bá mú un wá sí ọ́fíìsì, ọ̀fẹ́ ni.

Iṣẹ́ tiyín kò pọ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó lè bá yín ṣe é. Bí ọmọ bá ń gbọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀ kí ẹ tó rán an lọ ra ata. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pè é sọ́dọ̀, kí ẹ ní, "Fi ohun tí o ṣe lónìí hàn mí, kí o sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi." Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ka ìwé, ẹ ó mọ̀ bóyá ó yé e tàbí ó ń dárà. Bàbá náà lè ṣe é, kì í ṣe ìyá nìkan. Ẹ má fi gbígba fóònù jẹ ọmọ níyà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ẹ wá ìyà mìíràn. Àmọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí fóònù wọ yàrá yín lọ sùn. TikTok kò ní ìdí tí yóò fi wà lọ́dọ̀ ọmọ lóru.

Ẹ̀yin òbí SS3, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò JAMB báyìí, ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì. WAEC náà ti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àwọn tó ń dá ṣe é láti 2024. Ọmọ tó jẹ́ pé àtàǹpàkò nìkan ló mọ̀ ọ́n fi tẹ̀wé lórí fóònù yóò pàdánù àkókò níwájú kọ̀ǹpútà. Yàrá kọ̀ǹpútà wa yóò máa ṣí sílẹ̀ fún wọn ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ìsinmi. Kí wọ́n wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wá.

Bí fóònù ilé yín kì í bá gbélé lọ́sàn-án, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn lẹ́tà yìí, pẹ̀lú orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀ àti àkókò tí a lè fi rí i bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi rán ọmọ padà sí olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ kí a tó ti ilé ẹ̀kọ́. Èmi fúnra mi ni n óò kà wọ́n.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́