38 tí mo yọ̀ sí

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Aránṣọ ni mí ní Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ àpòpọ̀ oògùn ibà tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún wa ní kẹ́mísìtì ló mú mi kọ̀wé.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ibà mú bàálé mi. Mo ra àpòpọ̀ náà fún un: oògùn ibà, Panadol, àti hóró pupa kan fún ara ríro. Ibà ò lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún ó ń fọ eyín lẹ́yìn ilé, itọ́ tó tu sílẹ̀ pọ́n. Mo wo ojúgun rẹ̀, àmì pupa wínníwínní ló kún ibẹ̀, àfi bí ẹni pé mo fi abẹ́rẹ́ gún un kiri. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò parẹ́.

Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé ní ọsibítù, mo rí 38 lórí ìwé, mo ní Ọlọ́run ṣeun. Nígbà tí mo wà nínú oyún, 38 ni PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, òun ni wọ́n fi yìn mí pé ẹ̀jẹ̀ mi pé. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, PCV kọ́ nìyẹn o. Pilatilẹ́ẹ̀tì ni." Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Ẹgbẹ̀rún 38 ni 38 yẹn, nínú bíńtín ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ẹ̀kán kan. Ó kéré tán, ó yẹ kó tó ẹgbẹ̀rún 150.

Mo figbe ta pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Dókítà ní àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà gidi, tàbí tó bá já wálẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún 10. Ohun tó lé e wálẹ̀ ni ká wá. Ló bá bi mí bóyá eku ń wọlé wa. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Àṣé ibà Lassa tí eku máa ń kó ran èèyàn ló ń rò, ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ títí èsì fi dé. Kì í ṣe Lassa, màléríà ni.

Wọ́n gún un ní artesunate, abẹ́rẹ́ màléríà. Lẹ́yìn ọjọ́ 4, pilatilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di ẹgbẹ̀rún 162, láìfa ẹ̀jẹ̀ kankan. Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ẹgbẹ̀rún 61 ni pilatilẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó tiẹ̀ sàn ju ti bàálé mi lọ. Àmọ́ egbò ẹsẹ̀ ló ti kó kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ò mọ́ bá a.

Mo kó ọ̀rá oògùn han dókítà. Ibuprofen ni hóró pupa náà; ó ní kì í jẹ́ kí ìwọ̀nba pilatilẹ́ẹ̀tì tó kù ṣiṣẹ́. Oògùn ibà tó yẹ kéèyàn lò lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ 3, ti ọjọ́ 1 péré ni wọ́n gé fún mi.

Mo padà lọ bá ẹni tó tà á. Ó ní oògùn yẹn náà ló ń wo gbogbo àdúgbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi àwọn tó ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù oògùn léèrè: ta ló ní kí wọ́n máa gé oògùn ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 1?

Èmi ni,
Ìyá Ṣadé, aránṣọ,
Àkúrẹ́.