Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ìjọ àwọn káúbọ́ì

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ní àkọ́kọ́, ọpẹ́ ni mo ń dú pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ òru ní ọsibítù kò tíì mu ọ́ jù. Ìgbà tí mo tún un gbọ́ ni mo tó mọ ohun tó ń dùn ọ́ gan-an. O ní nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ mú ọ lọ sí ìjọ àwọn káúbọ́ì, àwọn tó ń fi ẹṣin da màlúù, ní ìgbèríko Texas níbẹ̀, ó tù ọ́ lára, o sì ti padà lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ní Dallas ti sọ ọ́ ní "ìyá onímàlúù". Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ri èèyàn bọmi nínú ọpọ́n tí ẹṣin fi ń mumi, ṣé ìyẹn náà ni ṣọ́ọ̀ṣì? O ní kí n sọ òótọ́ inú mi fún ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi, bàbá àgbà rẹ tí o kò bá láyé.

Àgbẹ̀ ni wọ́n, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abà wọn jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni pé ó tó ọdún méje tí wọn kò fi yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ti oko bọ̀ tààrà, aṣọ oko ló wà lọ́rùn wọn, erùpẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n gbọ́ orin, wọ́n sì yà síbẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní kí wọ́n lọ pààrọ̀ aṣọ nílé ná. N kò ní dárúkọ ìjọ náà. Bàbá mi kò bá a fa ọ̀rọ̀, wọ́n kàn yíjú padà, wọn kò sì lọ mọ́. Èmi tí mo ru apẹ̀rẹ̀ iṣu tẹ̀lé wọn lọ́jọ́ náà ni mo mọ bí ó ṣe dùn wọ́n tó, nítorí wọn kò sọ̀rọ̀ kan títí a fi délé.

Pásítọ̀ ọ̀dọ́ kan ló mú wọn padà. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá sí abà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Á dojú apẹ̀rẹ̀ délẹ̀, á gbé Bíbélì lé e, á sì sọ ti afúnrúgbìn tó jáde lọ fúnrúgbìn, tí díẹ̀ bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ á máa mirí, nítorí ọ̀rọ̀ ara wọn ló ń sọ. Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni bàbá mi ti tún kúnlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ìjọsìn inú oko ṣẹ̀sín, bàbá mi ló ń fi ṣẹ̀sín, inú mi kò sì lè dùn sí i.

Mo ti jókòó ti fóònù mi láti ọjọ́ náà, mo ń kà nípa wọn. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1890, W. B. Bloys, oníwàásù ìjọ Presbyterian, kó àwọn olówó màlúù àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn jọ nítòsí Fort Davis, ní ìwọ̀ oòrùn Texas. Ilẹ̀ ibẹ̀ lọ rẹrẹ, ilé jìnnà sílé, ṣọ́ọ̀ṣì kò sì sí nítòsí. Wọ́n kó ọkọ̀ ẹṣin wá, wọ́n pàgọ́, àpótí kọfí ni oníwàásù sì gbé Bíbélì lé. Presbyterian, Methodist, Baptist àti Disciples of Christ ló jọ ń ṣe ìpàdé náà, wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún títí di òní. Nígbà tí mo dé ibi àpótí kọfí yẹn, apẹ̀rẹ̀ abẹ́ máńgòrò ló wá sí mi lọ́kàn, omi sì bọ́ lójú mi.

Ó tún wá kan àwọn tó ń díje nínú rodeo, eré ìdíje gígun ẹṣin àti akọ màlúù. Òpin ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ wọn, ìlú dé ìlú ni wọ́n sì ń lọ. Ìgbà wo ni wọ́n á rí ṣọ́ọ̀ṣì lọ? Ní àwọn ọdún 1970, àwọn oníwàásù kan tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà lámọ̀dunjú bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣe ìsìn ní pápá ìdíje gan-an ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Nígbà tó di 2000, wọ́n dá Cowboy Church of Ellis County sílẹ̀ ní Waxahachie, ní gúúsù Dallas, àwọn Baptist Texas sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Èrò ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́jọ́ Sọ́ńdè nígbà tó yá, irú ìjọ bẹ́ẹ̀ sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ohun tí wọ́n ń lépa kò ju pé kí nǹkan kan má dá ẹni tó ń bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: wọn kì í gbé igbá ọrẹ káàkiri, korobá kan ló wà lẹ́yìn, ẹni tó bá ní lọ́kàn á fi tirẹ̀ síbẹ̀. Wọn kì í pe èèyàn jáde síwájú kí gbogbo ojú máa wò ó. Gìtá àti gòjé ni wọ́n fi ń kọrin. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ búùtù kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Àkẹtẹ̀ wà lórí àwọn ọkùnrin títí ó fi kan àdúrà, ni gbogbo rẹ̀ bá ṣí kúrò lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o ṣe sọ ìyẹn, ohùn rẹ gbọ̀n díẹ̀, mo gbọ́ ọ. Tún Jákọ́bù orí kejì kà, níbi tí wọ́n ti fi olórùka wúrà sí ìjókòó rere, tí wọ́n ní kí tálákà dúró lọ́hùn-ún. Bàbá mi ni wọ́n ní kó dúró lọ́hùn-ún.

Ní ti ọpọ́n ẹṣin, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyẹn dójú tì ọ́. Odò ni wọ́n ti rì mí bọmi, àwọn obìnrin sì ń fọṣọ nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀, ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pẹ̀lú sùúrù pé ìjọ tiwa náà ní àkẹtẹ̀ tirẹ̀: gèlè ni. Tí òyìnbó àgbẹ̀ kan bá wọlé sáàárín aṣọ ẹbí, tí gángan ń dún, tí ìkéde ń jáde ní Yorùbá, òun náà á máa wá ibi tó máa fojú sí. Ìjà ni wọ́n sì fi gba ẹ̀tọ́ láti sin Ọlọ́run lọ́nà tiwa yìí fún wa. Ní 1888, àwọn Baptist kan ní Èkó yọ ara wọn kúrò lábẹ́ òyìnbó, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Mọ́jọlá Agbébí wà lára wọn. David Vincent ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó bọ́ kóòtù, ó ń wọ aṣọ Yorùbá lọ wàásù. Ẹ̀tọ́ tó jà fún yẹn, ṣé a wá lè fi du àgbẹ̀ Texas?

Ìdajì ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Èyí tó kù yìí ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Nígbà tí mo bi ọ́ pé ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú mélòó lẹ wà níbẹ̀, o dákẹ́ díẹ̀, o wá ní ìwọ àti ọkùnrin kan. Àbẹ̀kẹ́, aṣọ tí a fi ń pe èèyàn wọlé lè di aṣọ tí a fi ń mọ ẹni tí kì í ṣe tiwa. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n dá bàbá mi padà kò mọ̀ pé òun ń ṣe ibi. Ó rò pé ilé Ọlọ́run ni òun ń tọ́jú. Wo àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri wọn. Tó bá jẹ́ káúbọ́ì aláwọ̀ funfun nìkan ló wà níbẹ̀, ìtàn wọn kò pé. Àwọn onítàn fojú bù ú pé lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, nínú káúbọ́ì mẹ́rin, ọ̀kan lè jẹ́ dúdú. Ọmọ Texas ni Bill Pickett tí wọ́n bí ní 1870. Òun ló sọ fífò láti orí ẹṣin di ìwo màlúù mú, kí a sì dá a wólẹ̀, di ìdíje tí wọ́n ń ṣe nínú rodeo títí dòní. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kò ti jẹ́ kó díje nítorí àwọ̀ rẹ̀. Díákónì ìjọ Baptist sì ni, ní ìlú Taylor. Díákónì tó ń fọwọ́ dá màlúù wólẹ̀! Bí ẹ bá jọ ń jẹun lẹ́yìn ìsìn, bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Fi ìfẹ́ béèrè, kí o sì fara balẹ̀ wo ojú wọn. Bí inú wọn bá dùn láti gbọ́, jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ padà nígbà gbogbo, pè mí ká jọ sọ ọ́.

O ní "Abby" ni wọ́n ń pè ọ́. Kọ́ wọn ní Àbẹ̀kẹ́. Ẹnu tó ń pe Waxahachie á pe Àbẹ̀kẹ́. Bí oòrùn bá mú, dé àkẹtẹ̀, ó dára lórí rẹ nínú fọ́tò yẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ọdún wọn, wọ ìró àti bùbá rẹ lọ, kí o sì ríi bóyá wọ́n á gbà ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Má sì tìtorí ẹ̀fẹ̀ sá fún àwọn tìrẹ ní Dallas. Àwọn ló gbà ọ́ sílé nígbà tí o dé, àwọn ló sè fún ọ nígbà tí ibà dá ọ dúbúlẹ̀. Mú ọ̀kan nínú wọn dání lọ́jọ́ kan, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun kan péré ni mo fi dandan lé: wọn ò gbọdọ̀ tàn ọ́ dé orí akọ màlúù, ì báà jẹ́ eré. Ìwọ lò ń di egungun tó dá fún wọn ní ọsibítù, o mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n ń bèèrè bóyá gòjé wọn jọ ti àwọn Hausa, nítorí náà gba díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ tí ìrìbọmi bá tún wà níbẹ̀, pè mí kí n máa wò ó lójú fóònù, kódà bó jẹ́ òru ní ọ̀dọ̀ wa. Mo fẹ́ rí ojú ẹni náà nígbà tó bá ń jáde nínú omi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ògbómọ̀ṣọ́